Ọ̀sẹ̀ kan kí IT tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù: kí ni kí n fi ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé, 300 level ni mo wà, Food Science ni mò ń kà. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ṣágámù ti gbà mí fún IT (ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe ní ilé-iṣẹ́) oṣù mẹ́fà. Mi ò dé ilẹ̀ Rẹ́mọ rí láyé mi, mi ò sì lẹ́bí níbẹ̀. Ẹnìkan ti bá mi rí yàrá lọ́dọ̀ ìyá kan ní Màkún. Mo lè débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo kàn fẹ́ fi owó ṣòfò ni, pé tí mo bá dé ní Sọ́ńdè tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó ti tó. Tí mo bá tètè dé, kí ni kí n máa ṣe? Ṣé kí n jókòó sílé máa kàwé ni àbí kí n máa rìn kiri? Màmá mi tún ní àwọn máa sìn mí débẹ̀, ojú ń tì mí díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ọmọ mi, kú ìmúra o, Ọlọ́run á jẹ́ kó bọ́ sí i. Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀: tètè lọ. Má dá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lóhùn lórí èyí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gba àwọn ọmọ IT sọ́dọ̀ níbi iṣẹ́ mi ní Ṣágámù yìí, èmi ni mo máa ń sáìnì lọ́gbúùkù wọn, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ wọn sí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì lè wo ọmọ kan lójú ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ kí n mọ̀ bóyá àná ló wọ̀lú àbí ó ti wà nílẹ̀. Èyí tó dé lánàá, ara ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ mi, ọkàn ẹ̀ wà níta, ó ń ro ibi tó ti máa pọn omi, ó ń ro ọkọ̀ tó máa gbé e délé nírọ̀lẹ́, ó ń ro bóyá owó tí ọlọ́kadà gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì. Mo lè fi ẹ̀rọ kan hàn án lẹ́ẹ̀mẹta kó má wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ ìlú lórí àkókò iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́fà ọ̀hún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ló máa ń jẹ́, kò pọ̀ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kóo fi ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe kì í ṣe fàájì, kì í sì í ṣe ìwé kíkà. Jẹ́ kí àdúgbò mọ ojú ẹ. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé, ọlọ́kẹ̀kẹ́ tó máa ń dúró lóríta, sikiọ́rítì tó wà ní géètì ibi iṣẹ́, gbogbo wọn ni kó ti rí ẹ rí kí Mọ́ńdè tó dé. Ẹni tí ìlú bá ti mọ̀, ìlú á bá a ṣọ́ ara ẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà ṣe IT, Ṣágámù yìí náà sì ni. Ọ̀yọ́ ni mo ti wá. Mo jẹ ìrẹsì Sọ́ńdè nílé kí n tó gbéra, ọ̀sán ti pọ́n. Mo sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Ṣágámù ni mò ń lọ, ọkọ̀ Èkó ni, ó ní kò sí wàhálà. Ó já mi sílẹ̀ ní Ìntachéńjì ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, òjò ń rọ̀, àpò Ghana-must-go wà lórí mi, mo rò pé mo ti dé ni. Mi ò mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ti pàdé ọ̀nà tó ń lọ sí Ore àti Benin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé ìlú fúnra ẹ̀ ṣì wà nínú lọ́hùn-ún, o ṣì máa wọ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà. Wọ́n ń pè mí láti inú mọ́tò lọ́tùn-ún lósì, "ẹ wọlé sísítà, ó ku ẹnìkan", mi ò mọ èyí tó ń lọ sílùú, mi ò mọ èyí tó fẹ́ gbé mi lọ síbi tí mi ò mọ̀. Ìyá kan tó ń ta àgbàdo sísun lábẹ́ agboòrùn ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n jókòó ti òun, ó ti àpò mi sábẹ́ tábìlì ẹ̀ kí òjò má pa á, títí ọmọ ẹ̀ ọkùnrin fi gbé kẹ̀kẹ́ dé tó sì gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò gbàgbé ìyá yẹn títí dòní. Lọ́jọ́ kejì mo pẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ síbi iṣẹ́, ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ẹ̀ sì sọ mí ní Apẹ́-kó-tó-dé, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè mí títí mo fi parí, ó dùn mí gan-an torí mi ò tún pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Torí náà ọjọ́ tóo máa lọ gan-an ni ká kọ́kọ́ mú. Gbéra ní Ìlọrin kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí oòrùn ṣì wà lókè nígbà tóo bá dé. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Èkó lo wọ̀, má sọ "Ṣágámù" lásán, sọ pé "Ìntachéńjì Ṣágámù", kí kọ́ńdọ́ náà gbọ́. Ẹ máa gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò n'Ìbàdàn, má sùn mọ́. Nígbà tóo bá rí Ògèrè, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ẹ jọ, o ti fẹ́ dé. Tóo bá sì fẹ́ kó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ ọkọ̀ Ìbàdàn láti Ìlọrin, kóo wá wọ èyí tó ń wọ inú ìlú Ṣágámù gan-an ní gáréèjì n'Ìbàdàn, ó lè gba àsìkò díẹ̀ sí i ṣùgbọ́n kò ní já ẹ sójú títì. Ní Ìntachéńjì, má wọ mọ́tò tí kì í ṣe ti èrò o, kò báà jẹ́ pé AC wà nínú ẹ̀, kò báà jẹ́ obìnrin ló wà nídìí ẹ̀. Tóo bá fẹ́ bèèrè ọ̀nà, ẹni tó jókòó ti ọjà ẹ̀ ni kóo bi, má bi ẹni tó wá bá ẹ. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní sá lọ lọ́la, gbogbo èèyàn mọ ibùjókòó ẹ̀.

Nǹkan kan wà nípa ìlú yìí tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ tóo bá tètè mọ̀ ọ́n. Ṣágámù kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo láti ìpilẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún 19, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó wá síbi kan kí ọ̀tá má bàa máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fin wà níbẹ̀, níbi tí ààfin Akárìgbò wà, Màkún tí ìwọ ń lọ wà níbẹ̀, ó sì ní ọba tiẹ̀, Èwùsì. Títí dòní, tóo bá ní Ṣágámù lò ń gbé, ohun tí wọ́n máa bi ẹ́ ni "apá ibo?", wọn ò bìkítà fún nọ́ńbà ilé. Google Maps máa gbé ẹ dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ìdajì tó kù, ẹnu ló ń gbéni débẹ̀. Nítorí náà ní ọjọ́ tóo bá dé, bi ìyá onílé pé tí mo bá fẹ́ júwe ibí fún ọlọ́kẹ̀kẹ́, kí ni kí n sọ? Á sọ fún ẹ: ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, mọ́ṣáláṣí báyìí, tíráńsfọ́mà, ilé alápàtà. Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ́ ọ sórí, bóo ṣe gbọ́ ọ gan-an ni kóo máa sọ ọ́. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ tó bá gbọ́ tóo dárúkọ àmì àdúgbò láìṣiyèméjì, iye tó yẹ kó gbà ló máa gbà.

Rẹ́mọ ni wọ́n, má kàn máa pe gbogbo èèyàn ní Ìjẹ̀bú. Lóòótọ́ àwọn àgbà máa ń sọ Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, èdè wọn sì sún mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kóo dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀. O máa gbọ́ ẹ̀ka èdè tí ò jọ ti Ìlọrin rárá, àwọn àgbà á máa sọ ọ́ láàárín ara wọn, ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ o lè rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Má rẹ́rìn-ín, má sì díbọ́n pé o gbọ́. Sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbọ́ èyí, ẹ tún un sọ fún mi", inú wọn máa dùn, wọ́n á sì máa kọ́ ẹ.

Ìyá onílé ẹ ni ẹni àkọ́kọ́ ní ìlú yẹn. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kì í ṣe ìkíni ẹnu ọ̀nà tí èèyàn ń ṣe pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bi í pé aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì, níbo lẹ ti ń pọn omi tí kànga bá gbẹ, ta ló ń gba owó iná àti báwo lẹ ṣe ń pín in (IBEDC náà ni o, bíi ti Ìlọrin, nítorí náà àṣà iná yẹn kò ní ṣàjèjì sí ẹ). Kóo wá bi í ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ṣé orò máa ń wáyé ní àdúgbò yìí, báwo lẹ sì ṣe ń mọ ọjọ́ ẹ̀. Má fojú di èyí. Obìnrin ni ẹ́, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ sì lè gba kéèyàn jáde ní ìdájí tàbí kó wọlé lálẹ́. Wọ́n máa ń kéde ẹ̀ ṣáájú, àwọn ọmọ ìlú á ti mọ̀, àlejò tí ò bèèrè ló máa ń ṣe kòńgẹ́ ẹ̀. Tóo bá ti mọ ọjọ́ náà, sọ fún ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú, kò sí ọ̀gá kan tó ń gbé Ṣágámù tí ò ní yé. Bákan náà ni tóo bá lọ sí apá Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò Agẹmọ, tó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù keje, obìnrin kì í wo Agẹmọ, kọ́kọ́ bèèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kóo tó jáde nílé.

Wàyí o, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní Tọ́sìdeè, múra bí ẹni ń lọ síṣẹ́. Mi ò sọ pé kóo máa fojú inú wò ó o, jí láago márùn-ún, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ jáde, wo iye èèyàn tó wà lórí ìlà bálùwẹ̀ torí ilé tí èèyàn mẹ́jọ ń lo bálùwẹ̀ kan, bálùwẹ̀ yẹn ló máa pinnu aago tóo máa dé ibi iṣẹ́, kì í ṣe ọkọ̀. Wẹ̀, wọṣọ, jáde láago mẹ́fà àti ààbọ̀. Rìn dé oríta. Dúró, má tíì wọ nǹkan kan. Wo àwọn tó wà níbẹ̀ dáadáa, wàá rí àwọn tó wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́, wàá rí bàtà onírin lẹ́sẹ̀ wọn, wàá rí ike oúnjẹ nínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ni tíṣà ẹ. Ibi tí wọ́n dúró sí ni kóo dúró sí, ọkọ̀ tí wọ́n bá wọ̀ ni kóo wọ̀, iye tí wọ́n bá san ni kóo san, má bèèrè "èló ni" sókè, mú owó ṣéńjì dání kóo sì na iye tí ẹni iwájú ẹ nà. Kí wọn láti ọjọ́ yẹn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀, IT ni mo wá ṣe, Mọ́ńdè ni mò ń bẹ̀rẹ̀." Ní Mọ́ńdè, tí ọkọ̀ bá wọ́n, wọ́n á di àyè mú fún ẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní apá Flowergate lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn máa ń ní bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n oríta yẹn ló máa sọ fún ẹ bóyá tìrẹ ní, ibi tó ti ń gbé èèyàn àti iṣẹ́jú tó fi ń dúró.

Tóo bá dé géètì, wo aago. Kọ iye iṣẹ́jú sílẹ̀. Kí sikiọ́rítì, fi lẹ́tà ẹ hàn án, kóo sì bi í ní ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ IT lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú lẹ́tà wọn lè má kọ gbogbo ẹ̀ o. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ lè ní kóo mú àbájáde àyẹ̀wò ara wá kóo tó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan, wọn kì í fẹ́ èékánná gígùn tàbí kíkùn, wọn kì í fẹ́ yẹtí, òrùka àti ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́, irun gbọ́dọ̀ ṣeé bò mọ́ inú fìlà. Mo ti rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun tó ga bí òkìtì ní Sátidé, owó ńlá, tó wá tú u ní Túsìdeè pẹ̀lú omijé. Tí ìwọ bá gbọ́ ọ ní Tọ́sìdeè, ọ̀sẹ̀ kò tíì parí, o ṣì ráyè. Bàtà náà ńkọ́, bi í bóyá wọ́n ń fún ọmọ IT ní bàtà tàbí o máa rà á, torí èyí tó dáa díẹ̀ wà ní òkìrìkà tí èèyàn bá wá a ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Má parí ẹ̀ síbẹ̀. Padà lọ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kan náà, kóo wá wọkọ̀ padà sílé láti ẹnu géètì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, òun gan-an ló sì le. Àárọ̀, kálukú ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ilé-iṣẹ́ méjì mẹ́ta lójú ọ̀nà kan, ọ̀kadà á gbówó lérí, tójò bá wá dá sí i, o lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wo ibi tóo lè dúró sí tí iná wà. Wo ilé ìtajà tàbí ilé epo tí èèyàn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, wà nílé. Mò ń sọ èyí bí ìyá, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ba àwọn apá ibì kan jẹ́ ní ìlú wa yìí láwọn ìgbà kan, kò sídìí tí ọmọ ọlọ́mọ á fi wà lóríta tí ò mọ̀ lálẹ́. Mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, OOUTH, ti ìjọba ni, Ṣágámù níbí ló wà, gbogbo ọlọ́kẹ̀kẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Lọ wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ní ọjọ́ tí ara ẹ le.

Ó kù Fúráìdè. Ọjà. Ibí ni inú mi dùn sí jù torí Food Science lò ń kà, ọmọ tó ń ka Food Science tó wá sí Ṣágámù tí ò dé ìdí obì, mi ò mọ ohun tó wá ṣe. Ìlú obì ni ìlú yìí, ó ti pẹ́. Gbànja ló pọ̀ jù, òun ni àwọn Hausa ń pè ní gòrò, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá tẹ̀dó sí Sábó tí wọ́n ń kó o lọ sí òkè Ọya. Lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí àwọn ìyá tó wà nídìí obì, sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́, kóo bẹ̀ wọ́n pé o fẹ́ wò. Tí wọ́n bá fún ẹ ní àpótí, jókòó.

Wàá rí i: obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú èèpo ẹ̀ ní awọ funfun kan lára. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí wọ́n kó o jọ kí wọ́n sì bò ó, títí awọ yẹn á fi rọ̀, kí wọ́n tó fi ọwọ́ bó o, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kó làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni o, obì máa ń làágùn, ààyè ló wà, ó ń mí, ooru ń jáde lára ẹ̀. Ìyá yẹn á wá máa ṣà á níkọ̀ọ̀kan, á yí i sókè, á wo ẹ̀yìn ẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, èyí tí kòkòrò ti lu ihò tíntín sí lára ni á jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó dáa ló ń wọ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé tútù sí. Ewé yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá fún un pa jù, obì á làágùn títí á fi bu. Tí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, á gbẹ, á hun. Ìyá tí ò dé yunifásítì ló ń fi ewé ṣe ohun tí ìwọ ń pè ní packaging, ó sì lè pa obì mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa tú u wò, kó máa pààrọ̀ ewé. Bi í pé báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ewé ti fẹ́ pààrọ̀. Ìdáhùn tó bá fún ẹ, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bi í ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ pé kí ló mọ̀ nípa ìlú yìí, mo rò pé á ní "nothing ma" bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ. Ó ṣí ìwé kékeré kan, ó yàwòrán apẹ̀rẹ̀ obì, ó fi ọfà tọ́ka sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó ti wà ní ìlú fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo mú un lọ sí ilé ìkẹ́rù-pamọ́ pẹ̀lú ara mi, mi ò fi í sílẹ̀ fún ẹni kankan, torí mo mọ̀ pé ojú ẹ̀ ń ríran.

Látibẹ̀, kọjá sí ọjà Fáláwò tàbí ọjà Awólọ́wọ̀, ra gàrí Ìjẹ̀bú díẹ̀. Bu ún sẹ́nu ní gbígbẹ kóo tó da omi sí i. Kíkan yẹn, ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin wà nínú àpò ló ń fà á, wọ́n ń jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ìyẹn ló tún ń bá wọn dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù. Wọ́n ń kù ú kúnná, wọ́n ń yan án gbẹ dáadáa, wọn kì í bu epo sí i. Ra ewùrà náà, gbé e lọ fún ìyá onílé, kóo ní kó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́, àwọn kan ń pè é ní ìfọ́kọrẹ́. Wọ́n á rin ewùrà yẹn, á máa yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ já a díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata àti ẹja tó ń hó. Kò sí ohun tó ń yára sọ àlejò di ọmọ ilé bíi kó jókòó ti ààrò pẹ̀lú onílé. Owó ewùrà ẹyọ kan kò tó nǹkan sí ohun tóo máa jèrè ní oṣù mẹ́fà.

Sátidé ni kóo rìn jìnnà, tí owó bá wà. Tó bá jẹ́ èmi, Ìkẹ́nnẹ́ ni màá kọ́kọ́ lọ torí kò jìnnà: ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní March 6, 1909, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ ni Tai Solarin dá Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, tóo bá sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni pápá Remo Stars tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Ìjẹ̀bú-Òde náà dáa, ìgbà mìíràn ni o, má pa á pọ̀ mọ́ Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ kan. Òkè-Ẹ̀rí lápá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún Bílíkísù Ṣùńgbọ́, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe Erédò, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ yẹn ká ní nǹkan bí kìlómítà 160. Tí IT ẹ bá bá Iléyá pàdé, Ojúde Ọba ń bẹ ní ọjọ́ kẹta ẹ̀, gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ, kóo lọ wo àwọn régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu) àti àwọn ẹlẹ́ṣin.

O béèrè nípa ìwé kíkà. Alaalẹ́, wákàtí kan péré, nóòtì ẹ lórí ìmọ́tótó ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, ó ti tó. Wákàtí tó kù, kọ ohun tóo rí lójúmọ́ náà sílẹ̀ bíi pé lọ́gbúùkù ni: ọjọ́, ohun tóo rí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àwòrán ẹ̀. Láti 1973 tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ SIWES, ìyẹn ètò IT yìí, ìwé yẹn ló ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ bóyá o wá ṣiṣẹ́ àbí o wá sùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń sáìnì, "today we did production" ló máa ń wà níbẹ̀, ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Tí ọwọ́ ẹ bá ti mọ́ ọn nídìí obì, kò ní ṣòro nídìí ẹ̀rọ. Má sì gbàgbé láti béèrè ní ẹ̀ka SIWES ilé ẹ̀kọ́ yín, kóo tó kúrò n'Ìlọrin, àwọn fọ́ọ̀mù tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àtibi tóo máa dá wọn padà sí.

Ọ̀rọ̀ owó tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ sọ, wò ó báyìí: oúnjẹ tóo máa jẹ nílé lọ́sẹ̀ yẹn lo máa jẹ níbẹ̀, ohun tó lé sí i kò ju owó ọkọ̀ tóo fi dán ọ̀nà wò, ewùrà, àti Ìkẹ́nnẹ́ tóo bá lọ. Pín owó ẹ sọ́nà mẹ́ta, má kó gbogbo ẹ̀ sínú fóònù torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má dáa nínú yàrá yẹn. Kóo tó ra dátà oṣù kan, yá hotspot ẹnìkan nílé náà kóo mọ èyí tó ń fà níbẹ̀.

Màmá ẹ ńkọ́. Jẹ́ kí wọ́n bá ẹ wá, ọmọ mi, má jẹ́ kójú tì ẹ́. Èmi tí mo ń bá àwọn ọmọ yìí ṣiṣẹ́, mo fẹ́ràn èyí tí ìyá ẹ̀ mọ ibi tó wà. Jẹ́ kí wọ́n rí yàrá yẹn, kí àwọn àti ìyá onílé jókòó, kí wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn, kí màmá ẹ sọ pé "ọmọ yín rè é o, mo fà á lé yín lọ́wọ́", ọ̀rọ̀ yẹn tóbi ju rẹ́ǹtì lọ lọ́dọ̀ àgbà obìnrin ilẹ̀ wa. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú jù fún wọn láti padà, kí wọ́n sùn mọ́jú, kóo sìn wọ́n dé gáréèjì láàárọ̀, kóo rí i pé ọkọ̀ Ìbàdàn tó kún dáadáa ni wọ́n wọ̀, kóo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Láti gáréèjì yẹn, má wọ ọ̀kadà padà. Fi ẹsẹ̀ rìn délé, máa kí àwọn tóo bá rí lọ́nà.